Imú Bàbá Mi àti Òórùn Ẹtà

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni mo kọ́kọ́ ṣí ìwo màlúù kan tí mo rà lọ́jà nínú ilé ìdáná wa ní Gwarinpa. Mo ti pa gbogbo fèrèsé dé kí eruku má baà wọlé, mi ò sì mọ̀ pé ara mi ni mo há mọ́lé. Bí mo ti yọ awọ tí wọ́n fi dí ẹnu ìwo náà kúrò báyìí, òórùn kan tú jáde tó jẹ́ kí n fò sẹ́yìn tí mo fi fi ẹ̀yìn gbá sínkì. Kì í ṣe òórùn tí ènìyàn lè fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ó jọ ìtọ̀ ológbò, ó jọ ilé òbúkọ láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, ó sì tún jọ ẹnu ẹni tí kò tíì run pákò. Mo fi ọwọ́ bo imú, omi ń dà lójú mi.

Bàbá mi ń wo ìròyìn ní pálọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ tó ń bọ̀.

"Kí ló kú síbí?"

"Kò sóhun tó kú, Dádì. Iṣẹ́ mi ni."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ìwo tó wà lórí tábìlì, ó wo èmi náà, ó wá wo ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná, bí ẹni pé ọbẹ̀ yẹn ló ń ṣe é láàánú jù. "Ṣé ohun tí o fẹ́ káwọn ènìyàn fi para nìyí?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó padà sídìí ìròyìn rẹ̀.

Lọ́fínńdà ni mo ń pò nígbà náà, mo ṣì ń pò ó títí dòní. Mo ní iṣẹ́ oṣù lọ́tọ̀, ní àjọ kan tó ń rí sí ìlera àwọn obìnrin ìgbèríko, ọ́fíìsì wa sì wà ní Wuse. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti délé lópin ọ̀sẹ̀, yàrá àlejò ni mo máa ń wọ̀, níbi tí mo to àwọn ìgò mi sí. Àwọn ọ̀rẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń pò ó fún. Nígbà tó yá, àwọn tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi wá.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi ni. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, Abuja yìí náà ló sì ti tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí ìyá mi kú, mo ní kó má dá gbé, ó sì kó wá. Àmọ́ èmi àti bàbá mi ò mọ bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Láti kékeré, ìyá wa ni afárá tó wà láàárín wa. Bí a bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ bàbá, ìyá wa la ó sọ fún. Bí bàbá bá fẹ́ bá wa wí, ìyá wa ni yóò rán. Afárá ti wó, kálukú sì dúró sí etí odò tirẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Dádì." "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o sùn dáadáa?" Lẹ́yìn ìyẹn, ó di tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó gbé ìwo màlúù wọ ilé mi ni iṣẹ́ tí obìnrin kan gbé fún mi. Ó ní ilé ìtura kékeré kan ní Maitama, ó sì ń fẹ́ lọ́fínńdà tí yóò jẹ́ ti ilé náà nìkan. Mo ti gbé oríṣiríṣi lọ fún un, gbogbo rẹ̀ ló dá padà. Ó tó àbúrò ìyá mi lọ́jọ́ orí, Àǹtí ni mo sì ń pè é.

"Wọ́n dára o, àbúrò," ló máa ń sọ, "àmọ́ wọn ò fìdí múlẹ̀. Wọ́n á pariwo lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì sá lọ. Èyí tí mo fẹ́ ni pé bí ènìyàn bá jáde nínú yàrá, kí ẹni tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀."

Mo rò ó títí. Ọjọ́ kan ni mo wá sọ ọ́ fún ìyá arúgbó kan tó ń ta tùràrí àti igi olóòórùn nínú ọjà Wuse. Kánúrí ni, láti Borno. Wàhálà ibẹ̀ ló gbé òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin dé Abuja. Èdè Hausa la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, èmi pẹ̀lú Hausa tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́, òun pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ń wá, ó ní "yauwa", pé ó ti yé òun, ó tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó yọ ìwo kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó ní ọkọ òun tó ti di olóògbé ló rà á láti ọ̀nà Sudan nígbà tó ṣì ń ṣòwò kiri. Ara ẹranko kan ni ohun inú rẹ̀ ti ń jáde, ẹranko inú igbó kan tó jọ ológbò. Mo ti kà nípa rẹ̀ lédè Òyìnbó rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí Yorùbá ń pè é.

"Má fi ojú àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́," ni ìyá náà sọ. "Bí àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn dé ló rí. Jẹ́ kó wẹ̀, jẹ́ kó sinmi, kí o tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ohun tó pè ní ìwẹ̀ ni pé kí n rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì. Mo fi orí abẹ́rẹ́ ha díẹ̀ lára rẹ̀, ó rí bí òrí tó ti pọ́n, mo rẹ ẹ́ sínú ìgò kékeré, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni mo sẹ́ ẹ, mo wá ń ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, mo ń gbé e símú. Ó ṣì ń rùn. Àmọ́ bí mo bá fi bébà náà sílẹ̀ láàárọ̀, tí mo padà sídìí rẹ̀ lálẹ́, nǹkan kan ti yàtọ̀. Ìbínú rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ohun kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó gbóná, tó rọ̀, tí mi ò tíì lè tọ́ka sí. Mo ti ń súnmọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ dé.

Ọyẹ́ ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Eruku bo òkè Aso débi pé a kì í rí i mọ́ láàárọ̀. Ọ̀fìnkìn mú mi, ibà tẹ̀lé e, mo dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí mo dìde, ara mi ti yá, imú mi ti ṣí, mo ń mí dáadáa. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ti bá ọ̀fìnkìn náà lọ.

Ẹ̀wà ló tú àṣírí. Mo gbé e kaná, mo jókòó ní pálọ̀ sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Lójijì ni bàbá mi sáré jáde láti yàrá rẹ̀, ó ń wúkọ́.

"Ṣé o ò gbóòórùn ni? Ilé ti fẹ́ẹ̀ jóná!"

Mo gbé ojú sókè. Èéfín ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sáré lọ pa iná, ẹ̀wà ti di èédú nínú ìkòkò. Mo dúró láàárín èéfín yẹn, ojú ń ta mí, ọ̀fun ń há mi, ṣùgbọ́n ní ti imú, bí ẹni tó dúró síta nínú afẹ́fẹ́ ni. Mo bu àlùbọ́sà kan, mo gbé e símú. Kò sí nǹkan kan. Mo ṣí ìgò káńfọ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo sáré wọ yàrá àlejò, mo mú ìwo màlúù tó lé mi sẹ́yìn níjọ́sí, mo yọ ìdérí rẹ̀, mo ti imú bọ̀ ọ́ pátápátá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn yọjú wo kànga tó gbẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.

Dókítà yẹ̀ mí wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì fara balẹ̀. "Ó lè padà, Mádàámù," ó ní. "Ó sì lè má padà. Ẹ mú sùúrù." Àwọn ará ọ́fíìsì ní kí n máa fa ooru omi gbígbóná símú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gbàdúrà. Mo fa ooru omi gbígbóná símú, mo gbàdúrà, kò yí padà. Oúnjẹ di bébà lẹ́nu mi. Mo wọ yàrá àlejò lẹ́ẹ̀kan, mo wo gbogbo ìgò tí mo tò sílẹ̀, wọ́n kàn dà bí omi aláwọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà, mi ò wọ ibẹ̀ mọ́.

Obìnrin onílé ìtura pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Àbúrò, níbo la bá a dé? Ọ̀dà ilé ti ń gbẹ o, mo fẹ́ ṣílé lẹ́yìn Àjíǹde."

"Àǹtí, màá wá rí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni mo fèsì.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, bàbá mi ń wò mí. "Kí lo fẹ́ lọ sọ fún un?"

"Pé kó wá ẹlòmíràn. Mi ò lè ṣe é mọ́, Dádì."

Ó na ọwọ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí ìròyìn ń lọ lọ́wọ́. "Èmi ńkọ́?" ó ní. "Ohunkóhun ò ṣe imú tèmi."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣí yàrá àlejò, mo gbé àga fún un sídìí tábìlì. Ó wọ awò ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ka fáìlì ìjọba. Mo ti bébà bọ inú ìgò tí mo fi ohun inú ìwo náà sí, mo nà á sí i. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó fà á sẹ́yìn.

"Ó ń rùn."

"Báwo ló ṣe ń rùn, Dádì?"

"Ó ń rùn bí ohun tó ń rùn!"

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣàlàyé fún un pé nínú iṣẹ́ yìí, a kì í wí pé ó dára tàbí kò dára. Ohun tó jọ la máa ń sọ. Ibi tó bá gbé ọkàn ẹni lọ, ibẹ̀ la ó dárúkọ.

Ó tún gbé e símú, díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Òbúkọ ni," ó ní. Ó mi orí. "Àmọ́ kì í ṣe òbúkọ tó dúró níwájú ẹni. Òbúkọ tó ti kọjá lọ ni."

Mo wò ó. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó sọ ọ́ dáadáa tó báyìí.

A fi bébà náà sílẹ̀ lórí tábìlì, a lọ jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, mi ò rí bàbá mi ní pálọ̀. Yàrá àlejò ni mo bá a, ó ti padà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ojú. Ó rọra jókòó.

"Ẹtà," ó ní. "Ẹtà ni èyí."

"Kí ni ẹtà, Dádì?"

Ó la ojú. "O ò mọ ẹtà? Ẹranko ni. Ó ní tótòtó lára, ó ní ìlà dúdú lójú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Ìlú wa wà ní Òkè-Ògùn, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àgbẹ̀ tó tún ń dẹ ìgbẹ́. Ó ní lójú ọ̀nà oko wọn, kùkùté igi kan wà tí ẹtà máa ń fi ara nù. Bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀ láàárọ̀, òun tí òun ń tẹ̀ lé bàbá òun lẹ́yìn ti máa ń gbóòórùn rẹ̀, òórùn náà kì í sì í kúrò lára igi yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi máa dé. Bàbá òun á fi ọ̀bẹ ha á, á kó o sínú àdó kékeré, á gbé e fún ìyá òun. Ìyá òun á pò ó mọ́ òrí.

"Nínú agbo ilé wa," ó ní, "ara gbogbo àwọn obìnrin ló ń rùn èéfín, nítorí ìdáná. Ìyá mi nìkan ni kì í rùn èéfín. Bó bá kọjá lọ́wọ́ ẹ̀yìn rẹ lókùnkùn, wàá mọ̀ pé òun ni."

Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ rí. Obìnrin náà kú kí wọ́n tó bí mi. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo ń gbọ́.

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un náà, pé lóde òní, wọ́n máa ń ti ẹranko náà mọ́ inú àkámọ́ tóóró, wọ́n á máa fi tipátipá ha nǹkan náà lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Tiwa, fúnra rẹ̀ ló ń fún igi ní tiẹ̀," ó ní. A jọ fẹnu kò síbẹ̀ pé èyí tó wà nínú ìwo ti pẹ́ láyé, ẹni tó rà á pàápàá ti lọ. A ó lò ó, ṣùgbọ́n mi ò ní ra òmíràn mọ́. Mi ò sì tíì rà á títí di òní. Bí mo bá ń fẹ́ irú òórùn yẹn lónìí, inú ewéko àti oje igi ni mo ti ń wá a, ó máa ń jọ ọ́ díẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, bàbá mi á ti gbé àga rẹ̀ síbi tábìlì. Ìrántí ni mo fi ń po nǹkan pọ̀: epo èèpo ọsàn, òdòdó róòsì, igi sàńdà, faníla, àti ẹtà náà, tí mo ń fi rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú kán sí i ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ tí kò lè tọ́ ọ wò ni mo rí. Bàbá mi ló ń bá mi tọ́ ọ wò.

Ọ̀rọ̀ ò wọ́n ọn. Èyí ń ta. Èyí kan díẹ̀. Èyí ń pariwo bí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ agogo ìsinmi. Èyí dà bí abẹ́ ìrọ̀rí ẹni tó ṣàìsàn. Nígbà mìíràn ó máa ń lo ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ rí, màá ní kó túmọ̀ rẹ̀, á sì yà á lẹ́nu. "Ìwọ ọmọ yìí, Yorùbá lo ń sọ lójoojúmọ́, o ò mọ ìyẹn?" Abuja la gbé dàgbà, ohun tí a bá gbọ́ nílé nìkan la mọ̀, ilé wa kò sì jẹ́ ilé ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló dùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé bébà lé bébà fún un, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mo ní kó tún un ṣe sí i. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì. "Èmi kì í ṣe ẹ̀rọ!" Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, ó bá mi ní ilé ìdáná, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ife tíì rẹ̀. "Imú máa ń rẹni bí ẹsẹ̀ ṣe ń rẹni," ó ní. "Ó yẹ ká máa sinmi láàárín." Ó tọ̀nà. Òfin iṣẹ́ wa ni, èmi ni mo gbàgbé láti sọ fún un.

Nígbà tó kù díẹ̀, ó mú ìgò kan, ó gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ lálẹ́, ó ní, "Má fọwọ́ kan èyí mọ́." Láti dán an wò, a fín in sára agbádá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi ò lọ sí ìsìn àárọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Ó ní pásítọ̀ dì mọ́ òun lẹ́yìn ìsìn, ó tún padà wá dì mọ́ òun. Ó ní ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ bi òun pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti fẹ́ gbéyàwó ni?"

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní iṣẹ́ ọmọ mi ni."

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò kúrò lára mi. Ẹnu bàbá mi ni mo ní, ẹnu àwọn ará ìjọ ni mo ní. Èmi alára kò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e fún ẹni tó ti dá gbogbo èyí tí mo fi imú ara mi ṣe padà?

Àpótí onígi tí mo fẹ́ kó àwọn ìgò náà sí ló gbé mi lọ sí Kugbo, sọ́dọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ẹ̀bá ọ̀nà Nyanya. Oòrùn mú. Mo dúró, mò ń fi ọwọ́ júwe bí mo ṣe fẹ́ àpótí náà fún gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ẹlòmíràn sì ń rẹ́ pákó lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrántí ló ń ṣe mí. Nǹkan kan gba imú mi kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó tún dé. Ẹ̀tù pákó ni, pákó tútù tó ní oje lára, dídùn, kíkan díẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀tù pákó náà, mo gbé e bo ojú. Igbe sì gbà mí lẹ́nu.

"Mádàámù, wẹ́tìn hápún?" Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ju tépù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì rẹ̀ ti sá wá pẹ̀lú àga rọ́bà. "Kai! Sànnu, sànnu. Ẹ jókòó."

Mo jókòó, mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀tù pákó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ṣàlàyé fún wọn pé imú mi ló ti kú láti ìgbà ọyẹ́, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí yìí. Wọ́n wo ara wọn. Bó ṣe di eré nìyẹn. Èyí gbé agolo pọ́líìṣì wá, ó ní ṣé mò ń gbọ́ ọ. Mò ń gbọ́ ọ. Ìyẹn gbé gọ́ọ̀mù wá. Mò ń gbọ́ ọ! Ẹnì kan mú pákó pupa wá, ẹnì kan mú dúdú, wọ́n ń pariwo bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù nígbàkigbà tí mo bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀ nígbà tí mò ń lọ sílé. Èéfín tírélà, àgbàdo sísun, àní kòtò ìdọ̀tí ẹ̀bá títì, gbogbo rẹ̀ ni mo fà sínú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un.

Bàbá mi ń sùn lọ́sàn-án nígbà tí mo délé. Mi ò jí i. Mo wọ yàrá àlejò, mo mú ìgò tó ní kí n má fọwọ́ kàn mọ́, mo fín in sí ọrùn ọwọ́, mo jókòó, mo dúró dè é. Ọsàn ló kọ́kọ́ jáde, ó tutù, ó mọ́. Róòsì tẹ̀ lé e. Mo tún dúró. Nígbà tó yá, lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ohun kan dìde tó ní ẹ̀mí, tó gbóná bí ara ènìyàn, kò dójú ti ni, kò sì pariwo. Òbúkọ tó ti kọjá lọ wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń kọjá lókùnkùn wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí bàbá mi sọ tí mi ò bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fi imú ara mi pò ó, ẹ̀rù ì bá ti bà mí, ǹ bá ti dáwọ́ dúró kí ẹtà yẹn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ mú ìgò mìíràn dání láti fi là á. Mo gbé e sílẹ̀. Ẹrù kan tí mo ti gbé láti ìgbà ọyẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí mi, tí mo fi fi orí lé tábìlì.

Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "O ti dé? Kí ni wọ́n sọ nípa àpótí?"

Ó súnmọ́ mi. Mo gbé orí sókè, mo wò ó dáadáa.

"Dádì, ẹ tún ti jẹ obì."

Dókítà ti kìlọ̀ obì fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ta ló sọ fún ọ? Ẹyọ kan péré ni, mi ò tilẹ̀—" Ó dúró. Ó wò mí, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi, ó tún wò mí. Ó ṣí fìlà lórí, ó jókòó sórí àga tó súnmọ́ ọn.

"Ọlọ́run, o ṣeun," ó ní. "O ṣeun o."

Ọjọ́ tí a gbé e lọ sí Maitama, mo ní kó bá mi lọ. Àǹtí onílé ìtura náà mú wa wọ ọ̀kan nínú àwọn yàrá tuntun. Ó fín lọ́fínńdà náà lẹ́ẹ̀mejì sí òfuurufú, ó ní ká jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn. A jókòó sí fàráńdà, wọ́n gbé sóbò tútù fún wa. Bàbá mi ń bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Èmi ò mọ adùn sóbò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú mi ti padà.

Nígbà tó pẹ́, obìnrin náà dìde, ó wọ yàrá náà lọ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde. Mo ń wo ilẹ̀.

Ó jáde, ó dúró, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. "Mo kí ẹnì kan nínú yàrá yẹn kí n tó rántí pé kò sẹ́ni níbẹ̀," ó ní. "Àbúrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀. Ẹ má yọ, ẹ má fi kún un."

Mo dìde láti dúpẹ́. Bàbá mi ló bá mi dúpẹ́. Ó ní, "A dúpẹ́, Mádàámù, bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," bí ẹni pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí a gba ọ̀nà Gwarinpa. Bàbá mi kò dákẹ́ láti ẹnu géètì ilé ìtura náà. Ó ń fi ọwọ́ hàn mí ibi tí igbó wà nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Abuja, ibi tí àwọn ti máa ń ra iṣu lọ́wọ́ àwọn Gbagyi lẹ́bàá ọ̀nà, ibi tí ìyá mi ti bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí bàtà rẹ̀ kan kò sì jáde mọ́ títí dòní. Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn wa pé kí n yára. Mo yà sí apá ọ̀tún, mo jẹ́ kí wọ́n kọjá, mo sì ń rọra wa ọkọ̀ mi lọ.